Ǹjẹ́ Àìjà Ni Àlàáfíà Bí?



Òwe kan wà tí àwọn àgbà wa máa ń pa nígbà tí wọ́n bá ń parí ìjà láàrin ẹni méjì tí kò fẹ́ràn ara wọn. Wọn a ní, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara. Òwe rere ni. Ó ti pa iná púpọ̀, ó sì ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n ní oṣù yìí ó wù wá kí a bi ara wa léèrè bóyá òwe náà tó fi ṣe òfin fún ìlú tí ẹ̀yà púpọ̀ ń gbé inú rẹ̀. Bí Yorùbá bá wà ní àárín ìlú, tí Haúsá wà ní Sábó, tí Fúlàní wà ní gáà, tí ẹnì kan kò sì ṣe ẹnì kejì ní ibi, ǹjẹ́ a lè pe èyíinì ní àlàáfíà, tàbí ìjà tí àkókò rẹ̀ kò tí ì dé ni?

A ń bèèrè nítorí pé àwa ará Òkè-Ògùn kì í ṣe ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wa kì í ṣe ojú ọ̀run. Pápá koríko ni ilẹ̀ wa, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí. Nígbà òjò, koríko pọ̀, omi sì pọ̀, olúkúlùkù lè máa lọ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí àwọn odò kéékèèké sì gbẹ, àgbẹ̀ àti darandaran, ènìyàn àti màlúù, gbogbo wọn a forí lé ibi omi kan náà. Ẹyẹ pàápàá, bí ojú ọ̀run ti fẹ̀ tó, etí omi kan náà ni wọ́n máa ń bà sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá àwọn tí kò fara kan ara mọ orúkọ ara wọn. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, kì í pẹ́ kí a tó pè é ní ọ̀tá.

Kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ wa pé kí ẹ̀yà kan gba ẹ̀yà mìíràn sí ilé. Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, a kà á pé nígbà tí àwọn Tápà ṣẹ́gun Ọ̀yọ́, ilẹ̀ Ìbàrìbá ni Aláàfin Onígbogí sá lọ, àwọn Ìbàrìbá sì gbà á. Àwọn ìran rẹ̀ tí ó jẹ ọba lẹ́yìn rẹ̀ ni ó padà bọ̀, tí wọ́n sì fi Ìgbòho wa yìí ṣe olú-ìlú fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó padà sí Ọ̀yọ́. Nítorí náà, kí ọmọ Òkè-Ògùn tó fi ojú àjèjì wo ẹnikẹ́ni, kí ó rántí pé ọba òun ti ṣe àlejò rí.

Báwo ni àdúgbò ṣe wá di ògiri? Kì í ṣe Ọlọ́run ni ó tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1914 ni Gómìnà Frederick Lugard so Àríwá àti Gúúsù orílẹ̀-èdè wa pọ̀. Ní ọdún 1917 ìjọba rẹ̀ ṣe òfin kan lórí ètò àwọn ìlú. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí àdúgbò àwọn òyìnbó wà lọ́tọ̀, kí ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440 sì wà láàrin wọn àti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀fọn ni wọ́n fi ṣe àwáwí: wọ́n ní ara àwọn ọmọ wa ni ẹ̀fọn ti ń gbé ibà wá bá àwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gba alásè wọn àti ẹni tí ń fọ aṣọ wọn láyè láti sùn ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀fọn kò ha mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé bí? Ẹni tí ó bá rò ó yóò rí i pé kì í ṣe àìsàn nìkan ni wọ́n ń sá fún. Ènìyàn ni wọ́n kò fẹ́ rí, àyàfi bí ó bá gbé àwo oúnjẹ lọ́wọ́.

Ní Èkó, Ìkòyí di ibùgbé àwọn òyìnbó, a sì rí ilé ìwòsàn tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ní ọdún 1947, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, dé sí Èkó. Òtẹ́ẹ̀lì Bristol kọ̀ láti gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ariwo tí ó tẹ̀lé e pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin. Òfin náà kú, ṣùgbọ́n ògiri kò wó. Àdúgbò tí a ti kọ́ fún àwọ̀ funfun di àdúgbò àwọn ọlọ́lá dúdú, àwọn tálákà sì tún wà ní òdìkejì.

Bí ìjọba ti ṣe sí funfun àti dúdú, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ṣe sí dúdú àti dúdú. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kano, a kò fi àwọn Yorùbá àti àwọn ará Gúúsù mìíràn tí ó bá a dé sínú ìlú àtijọ́. Sabon Gari, èyíinì ni Ìlú Titun, ni a kọ́ fún wọn lẹ́yìn odi. Ní ọdún 1916, a pa ilẹ̀ fún àwọn Haúsá ní Ìbàdàn, a sì pe ibẹ̀ ní Sábó. Ẹ kíyèsí i: Yorùbá tí ń ṣòwò ní Kano di ará Sábó, Haúsá tí ń ta obì àti màlúù ní Ìbàdàn sì di ará Sábó pẹ̀lú. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ ní ìlú onílùú. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá rí èkejì, ó rò pé òun nìkan ni ọmọ onílẹ̀.

A kò fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Àwọn oníṣòwò Haúsá fúnra wọn fẹ́ ibì kan tí wọn yóò ti ní baálẹ̀ tiwọn àti mọ́ṣáláṣí tiwọn, níbi tí ọjà wọn yóò ti wà láìléwu. Ẹlòmíràn yóò sì wí fún wa pé, Èéṣe tí ènìyàn kò fi gbọdọ̀ gbé láàrin àwọn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀? Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kò ha ń wá ara wọn rí, kí wọ́n lè jùmọ̀ jẹ iyán, kí wọ́n sì kọrin Olúwa ní èdè wọn? Òótọ́ ni. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí ará máa wá ará. Ohun tí a ń bèèrè ni pé, ilé tí a kọ́ náà ha ní ilẹ̀kùn bí?

Ìbéèrè mẹ́ta ni a lè fi dán ilẹ̀kùn náà wò. Ẹni tí ó wà nínú ha lè jáde láìbẹ̀rù? Ẹni tí ó wà lóde ha ń wọlé, kì í ṣe láti rajà nìkan, bí kò ṣe láti jókòó? Ẹ̀kẹta ni ó le jù: nígbà tí ẹnì kan láti inú ilé náà bá ṣẹ̀, ṣé orúkọ ẹni náà ni à ń pè, tàbí orúkọ gbogbo àdúgbò rẹ̀?

Níbi ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ṣubú. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ní ọjà Ṣáṣà ní Ìbàdàn, aáwọ̀ ènìyàn díẹ̀ di ìjà láàrin Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná, ìjọba sì ti ọjà náà pa. Àwọn tí ó ti jọ ń ta tòmátì àti ata fún ọ̀pọ̀ ọdún ń sá fún ara wọn. Wọ́n ti pàdé lójoojúmọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó, ṣùgbọ́n bóyá ni wọ́n pàdé rí lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, àwọn apànìyàn kọlu Ìgàngàn ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí ó bá wa pààlà. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé. A kò ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí màlúù jẹ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, ìdílé tí a jí baba wọn gbé ní ojú ọ̀nà, ẹ̀tọ́ wọn ni kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún wọn. Ẹni tí ó bá sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́ nítorí àlàáfíà, kò mọ ohun tí àlàáfíà jẹ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ a máa wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri; ẹ̀san ni ó máa ń wá ẹ̀yà kiri. Darandaran tí ó ń ta wàrà fún wa láti ìgbà èwe wa, tí a lé kúrò nítorí ohun tí ẹlòmíràn ṣe, òun náà ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Kí ni a lè fi ṣí ilẹ̀kùn? Àwọn kan ní ìdáhùn wọn wà nínú iṣẹ́ ọnà: kí a jọ lùlù, kí a jọ jó, kí a jọ ṣe eré. Àwọn mìíràn ní eré kò lè tún ohun tí ìbọn bàjẹ́ ṣe. Ní tiwa, a gbà pé òótọ́ wà ní ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ohun kìíní tí iṣẹ́ ọnà lè ṣe ni láti fi hàn wá pé a ti dàpọ̀ tipẹ́tipẹ́ láìmọ̀. Ẹ wo aṣọ òfì tí a fi ń yangàn ní Ìṣẹ́yìn. Ẹtù wà, sányán wà, àlàárì sì wà. Òwú ṣẹ́dà pupa tí a fi ń hun àlàárì àtijọ́, aṣálẹ̀ ńlá ni ó là kọjá kí ó tó dé ọjà Kano. Àwọn oníṣòwò Haúsá ni ó sì rù ú wá bá àwọn ahunṣọ wa. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni tí ó túmọ̀ sí ṣẹ́dà, ẹnu Haúsá ni ó sì gbà dé ẹnu wa. Nígbà tí a bá wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìwúyè, a máa ń wí pé aṣọ ìbílẹ̀ wa ni, a kò sì purọ́. Ọwọ́ Yorùbá ni ó hun ún. Ẹrù Haúsá ni òwú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ Haúsá kúrò nínú ogún wa, kí ó kọ́kọ́ tú àlàárì baba rẹ̀.

Bí ó ti rí nínú aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìsìn wa. Àdúrà tí à ń gbà, wàásù tí à ń gbọ́, àlùfáà tí ń wàásù fún wa, ọ̀nà àwọn Mùsùlùmí Àríwá ni àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà dé èdè Yorùbá kí Ìhìnrere tó dé. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì wa, tí wọ́n sì parí gbogbo rẹ̀ ní ọdún 1884, kò ta wọ́n nù. Ọ̀rọ̀ náà àlàáfíà, tí a fi ṣe orí ọ̀rọ̀ wa yìí, ọ̀kan nínú wọn ni. A kò lè pe orúkọ àlàáfíà ní èdè wa láìsí pé a yá ohùn aládùúgbò wa lò.

Ohun kejì tí iṣẹ́ ọnà lè ṣe ni láti dá orúkọ padà fún àwọn tí a ti pa orúkọ wọn rẹ́. Ní ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní District Six, níbi tí onírúurú ẹ̀yà àti ẹlẹ́sìn ti ń gbé pọ̀. Ní ọdún 1966 ìjọba ìgbà náà kéde pé ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ibẹ̀. Wọ́n lé ènìyàn tí ó ju 60,000 lọ kúrò, wọ́n sì wó ilé wọn. Nígbà tí ìjọba ìyàsọ́tọ̀ náà wó lulẹ̀ ní ọdún 1994, àwọn ará ibẹ̀ sọ ilé ìsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì àtijọ́ kan di ilé ìrántí. Wọ́n tẹ́ àwòrán gbogbo òpópónà àdúgbò náà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn tí a lé kúrò sì wá kọ orúkọ ìdílé wọn sí ibi tí ilé wọn ti wà. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí wọn sára aṣọ gígùn, a sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ọ̀rọ̀ náà kí ó má bàa parẹ́. Àwòrán orí ilẹ̀ kò lè dá ilé kan ṣoṣo padà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kúnlẹ̀ láti wá ilé wọn níbẹ̀ bá ẹni tí ó ti jẹ́ aládùúgbò wọn pàdé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ yìí ni kókó. Bí kò bá sí i, ìlù àti ijó a di ohun ìfihàn lásán. A ti rí ọjọ́ àjọ̀dún tí a pe onílù gbogbo ẹ̀yà jọ síwájú àwọn ìjòyè. Wọ́n jó, a ya àwòrán wọn, a fún wọn ní owó ọkọ̀, olúkúlùkù sì gba àdúgbò rẹ̀ lọ títí di ọdún tí ń bọ̀. Irú èyíinì dà bí àtíkè tí a fi bo egbò. Kò burú pé a lo àtíkè, ṣùgbọ́n egbò náà ń jẹra lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan ní orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Kaduna lórí ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà. Lẹ́yìn rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí kó lọ sí apá àríwá odò tí ó la ìlú náà já, púpọ̀ nínú àwọn Kìrìsìtìẹ́nì sì kó lọ sí apá gúúsù. Odò tí Ọlọ́run dá fún mímu di odi. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà náà tí àwọn ọkùnrin méjì ní ìlú kan náà ti ń la odi irú bẹ́ẹ̀ kọjá. Pásítọ̀ James Wuye àti Ìmáàmù Muhammad Ashafa ti kó àwọn ọ̀dọ́ jà sí ara wọn rí. Nínú ìjà ọdún 1992, Pásítọ̀ pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀; Ìmáàmù pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀ méjì. Ní ọdún 1995 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ìkórìíra fi kúrò lọ́kàn wọn, wọ́n sì ti jẹ́wọ́ èyí ní gbangba. Ní ọdún 2006 a fi ìtàn wọn ṣe sinimá, sinimá náà sì ti kọjá sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ níbi tí ẹ̀yà ti ń bá ẹ̀yà jà, kí àwọn tí ó wò ó lè jókòó sọ tiwọn.

Ẹ kíyèsí ohun tí àwọn méjèèjì ṣe. Pásítọ̀ kò di Mùsùlùmí, Ìmáàmù kò sì di Kìrìsìtìẹ́nì. Wọn kò wí pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Olúkúlùkù sọ ohun tí a ṣe sí i ní ojú ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é, ó sì dúró gbọ́ tẹni náà pẹ̀lú. Èyí ni ìjíròrò. Sinimá mú ènìyàn wá sí ibi ìjókòó. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni ó mú wọn dìde ní ẹni ọ̀tọ̀. Bí kò bá sí iṣẹ́ ọnà, ta ni yóò wá jókòó? Bí kò bá sì sí ìjíròrò, kí ni wọn yóò mú lọ sílé?

Àwa ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ní Òkè-Ògùn kò níláti lọ sí Kaduna kí a tó rí baba nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, ni a ti bí Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 ogun kó o. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Fúlàní, àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn ni ó parapọ̀ nínú ogun náà, àti pé Ìṣẹ́yìn ni a kọ́kọ́ mú un lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdí láti kórìíra, òun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà, ó bá àwọn ọba Mùsùlùmí ilẹ̀ Tápà jókòó, ó fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì kọ́ èdè wọn. Ní ọdún 1864, ọdún tí a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ni ìwé rẹ̀ lórí gírámà èdè Tápà jáde. Èdè ẹni ni ilẹ̀kùn ilé ẹni; Crowther kò lu ògiri, ilẹ̀kùn ni ó kàn.

Síbẹ̀ kí a má ṣe gbéraga, nítorí ògiri wọ inú Ìjọ pẹ̀lú. Ní ọdún 1890 àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dójú ti Bíṣọ́ọ̀bù arúgbó yìí ní àgbègbè odò Ọya, wọ́n sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ọdún 2014 ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby ti Canterbury tó tọrọ àforíjì ní gbangba fún ohun tí Ìjọ ṣe sí i. Ó ju ọgọ́fà ọdún lọ kí a tó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí a sọ ní ojú ẹni tí a ṣẹ̀. Èyí ni ohun tí àìjà ń ṣe nígbà tí a bá pè é ní àlàáfíà: a máa sún ọ̀rọ̀ síwájú títí ẹni tí ó ni í yóò fi kú.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, ẹ̀yin olùkọ́, àwọn ọmọ gáà àti ọmọ Sábó wà nínú kíláàsì yín níbòmíràn. Níbi tí wọn kò sí, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Yorùbá mọ bí a ti ń kí ènìyàn ní èdè Haúsá àti Fúlàní, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí sì jọ ya àwòrán ìlú wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ilé olúkúlùkù sí i. Kò ní í ná wa ju ìwé àti lẹ́ẹ̀dì lọ.

Èkejì, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, bí ẹ bá pe àwọn onílù ẹ̀yà mìíràn wá sí àjọ̀dún ìkórè, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lọ lẹ́yìn ijó. Ẹ bu oúnjẹ, kí ẹ sì bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn: kí ni ó ń dùn yín nípa wa? Lẹ́yìn náà ẹ sọ tiyín. Ọ̀nà tí màlúù yóò gbà dé odò àti oko tí kò gbọdọ̀ wọ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn láti sọ lórí àwo iyán nígbà òjò ju etí odò lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo wa ṣọ́ ahọ́n wa. Bí olè bá jalè, ẹ pe olè ní orúkọ rẹ̀, kí a sì fà á lé àwọn agbófinró lọ́wọ́, ìbáà ṣe ọmọ wa tàbí ọmọ àlejò. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀yà bo ọ̀daràn tirẹ̀, tí ó sì fi ọ̀daràn ẹlòmíràn bo ẹ̀yà rẹ̀ lẹ́bi, òun gan-an ni ó ń mọ ògiri.

Nígbà tí amòfin nì bi Olúwa wa pé ta ni ọmọnìkejì òun, Olúwa kò ka orúkọ àdúgbò fún un. Ó sọ ti ará Samáríà kan tí ó sọ̀kalẹ̀ lórí ẹran rẹ̀ ní ọ̀nà eléwu, ó sì yí ìbéèrè náà padà: ta ni ó hùwà ọmọnìkejì? Àlùfáà àti ọmọ Léfì kò bá ọkùnrin tí ó gbọgbẹ́ náà jà. Wọ́n kàn gba òdìkejì ọ̀nà kọjá ni. Àìjà ni tiwọn, ọkùnrin náà ìbá sì ti kú sínú rẹ̀.

Nítorí náà ìdáhùn wa ni pé àìjà kì í ṣe àlàáfíà. Ìloro rẹ̀ ni, a sì dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni kan kò lè máa sùn ní ìloro títí ayé. Òjò ṣì ń rọ̀, ẹ̀yin ará. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí a tó bá ara wa pàdé ní etí odò, ẹ jẹ́ kí a ti mọ orúkọ ara wa. Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó wó ògiri ìkélé nínú Ọmọ rẹ̀, fún wa ní ìgboyà láti kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Àmín.